Mọ́tò Kòríà àbí ti Jàpáànù: bí ẹ ṣe lè ra èyí tí yóò bá yín pẹ́ ní Ìbàdàn

Bí ẹ bá bi mẹkáníìkì mi ní Mọ́lété pé mọ́tò Kòríà àti ti Jàpáànù, èwo ló ń pẹ́ jù, kò ní dá yín lóhùn tààrà. Á kọ́kọ́ fi àkísà nu ọwọ́, á ní, "Màámi, ẹ́ńjìnnì wo? Tọdún wo?" Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé inú ìbéèrè yẹn gan-an ni ìdáhùn wà.

Nígbà tí mo ń wá mọ́tò tí n óò máa fi gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé láti Akóbọ̀, orúkọ ilẹ̀ nìkan ni mo ń béèrè. Mo ra ọ̀kan tó wá láti Kòríà nítorí owó rẹ̀ fúyẹ́. Oṣù kẹrin, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, mọ́tò kú fin-ín. Táímìn bẹ́líìtì, rọ́bà tó ń mú kí fáàfù àti písítìnnì máa bá ara wọn rìn, ló já. Mẹkáníìkì mi tú orí ẹ́ńjìnnì, ó to fáàfù mẹ́rìndínlógún sórí ìwé ìròyìn àtijọ́ kan. Mọ́kànlá nínú wọn ti wọ́ bí ìṣó tí òòlù ṣì gbá. Mi ò lè dá ẹni tó ṣe mọ́tò náà lẹ́bi. Ohun tó ń gbó ni bẹ́líìtì, ọjọ́ ìpààrọ̀ tirẹ̀ ti kọjá kí n tó rà á, èmi ni mi ò béèrè. Láti ìgbà náà, bí mo ṣe ń ra mọ́tò nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ṣáásì

Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà, ó sì tún wà lára férémù ilẹ̀kùn. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni gbogbo rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti to mọ́tò náà: J ni Jàpáànù, K ni Kòríà, 1, 4 àti 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà, 3 ni Mẹ́síkò. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ Camry tòkunbọ̀ tó ń rìn nígboro Ìbàdàn, 4T1 ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà wọn. Kentucky ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò wọ́n. Sonata tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5NP, Alabama ló ti wá. Ọmọ Jàpáànù àti ọmọ Kòríà tí à ń tìtorí wọn jiyàn ní ìdíkọ̀, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti bí púpọ̀ nínú wọn.

Ìkẹwàá nínú nọ́ńbà náà ni ọdún mọ́tò. 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009. Láti 2010 ni wọ́n ti padà sí lẹ́tà: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013, E ni 2014. Bí ẹni tó ń tà á bá ń pè é ní 2016, tí ẹ sì rí E níbẹ̀, ẹ kí i pé ó kú ọjà, kí ẹ máa lọ.

Ẹ mọ ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́ fowó yín rà

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ Toyota bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni gbogbo èèyàn ń búra pé kì í bàjẹ́.

Corolla ti 2003 sí 2008, ẹ́ńjìnnì lítà 1.8, ṣéènì onírin ló ní, kì í ṣe rọ́bà bẹ́líìtì. Jíà rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, kò sí ọgbọ́n àrékérekè kankan nínú rẹ̀, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò lè tú u lójú oorun. Ti 2009 sí 2013 náà ò yàtọ̀. Nínú gbogbo mọ́tò tí mo fẹ́ dárúkọ lónìí, òun nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Ẹ wá wo Camry. Èyí tí à ń pè ní Big Daddy (ti 2002 sí 2006), tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 2.4, ó ní àìsàn kan tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́: ẹnu ihò tí bóòtù orí ẹ́ńjìnnì wọ̀ lè jẹrà. Bóòtù ò ní dì mú mọ́, omi á máa jò láti ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná. Camry tí à ń pè ní Muscle, ti 2007 sí 2009, tó tún jẹ́ 2.4, òun ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí, nítorí àléébù tó wà lára ríìngì písítìnnì rẹ̀. Ní 2010, Toyota gbé ẹ́ńjìnnì 2.5 sínú ara Muscle kan náà, àìsàn ọ́ìlì mímu yẹn sì dópin. Ẹ wò ó dáadáa: bí ẹ bá gbé ti 2009 àti ti 2010 síwájú ilé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ bí ìbejì, ṣùgbọ́n inú wọn ò jọra rárá. Ẹni tó bá kàn sọ pé "Muscle ni mo fẹ́" kò tíì sọ nǹkan kan.

Honda Accord onísílíńdà mẹ́rin láti 2003 sí 2012, ṣéènì ló ní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lágbára. V6 rẹ̀, ìyẹn onísílíńdà mẹ́fà, ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bẹ́líìtì ló ní, jíà ti 2003 àti 2004 sì wà lára èyí tí Honda pè padà ní 2004 láti wá tún ṣe. Bí ìdílé yín bá pọ̀ tí ẹ fẹ́ Sienna, ti 2004 sí 2006 jẹ́ 3.3 oníbẹ́líìtì, ti 2007 sí 2010 jẹ́ 3.5 oníṣéènì. Ẹ mú ti ẹ̀yìn.

Ó kan Kòríà. Iṣẹ́ ọwọ́ Jàpáànù ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́: Pony, mọ́tò àkọ́kọ́ tí Hyundai ṣe lórúkọ ara rẹ̀ ní 1975, ẹ́ńjìnnì Mitsubishi ló wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti di ọ̀gá láàyè ara rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣubú níbì kan.

Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Theta II. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ihò ọ́ìlì sínú kráǹkì rẹ̀ (ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) ní iléeṣẹ́ wọn ní Alabama, ẹ̀rún irin ṣẹ́kù síbẹ̀. Ẹ̀rún náà ń dí ọ̀nà ọ́ìlì, ọ́ìlì ò wá dé ibi tí bẹ́ríìn ti ń yí mọ́. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara họ irin, ẹ́ńjìnnì ń ró ko-ko-ko, lẹ́yìn náà ó gan pa. Ní 2015, Hyundai pe Sonata ti 2011 àti 2012 padà ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 470,000. Nígbà tó di 2017, Hyundai àti Kia fi nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dín ní ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn 1,200,000, kún un: Sonata ti 2013 àti 2014, Santa Fe Sport ti ọdún méjì yẹn náà, Kia Optima ti 2011 sí 2014, Sorento ti 2012 sí 2014 àti Sportage ti 2011 sí 2013. Irú àwọn mọ́tò yìí náà ló ń dán gbinrin ní Challenge àti Ring Road, tí owó wọn sì ń wọni lójú.

Mi ò ní kí ẹ má rà wọ́n o. Wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì tuntun sínú àwọn kan lára wọn lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó kúrò ní Amẹ́ríkà. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ìwé iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí kò bá ní ìwé, tó kàn ń sọ pé "Mọ́mì, ẹ́ńjìnnì yìí le koko", owó ẹ́ńjìnnì míì ni kí ẹ yọ kúrò nínú iye tó bá pè.

Àwọn tó dára lára wọn ńkọ́? Sonata ti 2006 sí 2010, 2.4 oníṣéènì, kò sí lára àwọn tí wọ́n pè padà yẹn. Ó gba èrò, ó tura lára, owó rẹ̀ kò sì tó ti Camry ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Elantra ti 2011 sí 2013 jẹ́ 1.8 oníṣéènì. Elantra ti 2007 sí 2010, 2.0, àti Kia Rio ti 2006 sí 2011, bẹ́líìtì ni wọ́n ní, bẹ́líìtì náà kì í já kó má ba fáàfù jẹ́. Ẹ béèrè ẹ̀rí ìpààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí mọ́tò tó kọ́kọ́ sun inú ọgbà yín, tòun ti wọ́tà pọ́m̀pù.

Ẹ tún wo ìdérí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá rí GDI níbẹ̀, ẹ̀yà tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà ni. Kì í jẹ epo púpọ̀, ṣùgbọ́n èédú máa ń ta sí i lára fáàfù, pọ́m̀pù rẹ̀ sì ń béèrè epo tó mọ́. Ní ìlú tí a ti ń ra epo nínú kẹ́ẹ̀gì nígbà ọ̀wọ́n, èmi fẹ́ràn irú ti àtijọ́ jù.

Ìwé ẹ̀rí ọdún mẹ́ta kì í ṣe tiwa

Ọ̀rẹ́ mi kan fi fóònù hàn mí pé Kia ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ìwádìí iléeṣẹ́ J.D. Power ti 2022 lórí mọ́tò tí kì í bàjẹ́ ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò ọlọ́dún mẹ́ta ni wọ́n ń wò nínú ìwádìí yẹn. Ọdún kẹwàá ni tiwa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdánilójú ọdún mẹ́wàá tàbí máìlì 100,000 tí Hyundai ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́hùn-ún lórí ẹ́ńjìnnì àti jíà, ẹni tó kọ́kọ́ ra mọ́tò náà ní tuntun ló wà fún. Kò bá a wọ ọkọ̀ òkun.

Jíà

Mọ́tò Jàpáànù náà ni Nissan, àbí? Jíà CVT, irú tí kì í fo láti jíà kan sí òmíràn bíi ti àtijọ́, tó wà lára Altima, Murano, Sentra àti Rogue ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn lágara débi pé Nissan fúnra rẹ̀ fa ìdánilójú jíà àwọn tó ṣe láàárín 2003 sí 2010 gùn dé ọdún mẹ́wàá tàbí máìlì 120,000 ní Amẹ́ríkà. Bí ẹnì kan bá ní kí n yàn láàárín Altima oní-CVT àti Sonata 2008, Sonata ni mo máa mú, láìwo ẹ̀yìn.

Ẹ lọ sí Araromi kí ẹ tó sanwó

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò jù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ bí mọ́tò ṣe máa pẹ́ tó lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ nǹkan márùn-ún sínú ìwé: táímìn bẹ́líìtì tàbí ṣéènì, ṣọ́ọ̀kì iwájú méjì, rédíétọ̀, kọ́ìlì kan, àti odindi jíà bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn àlòkù tó ti òkè òkun wá. Ẹ wọ ọjà spare parts Araromi ní Agodi Gate láàárọ̀, kí ẹ bi ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ìbéèrè méjì ni: èló ni, ṣé ó wà nílẹ̀ báyìí?

Bí ti Corolla bá ni ẹ béèrè, kó tó di pé ẹ parí ọ̀rọ̀, ọmọọṣẹ́ ti gbé e dé. Bẹ́líjíọ̀mù wà, tuntun wà, ayédèrú náà sì pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, torí náà ẹ mú mẹkáníìkì dání. Bí ti Elantra tàbí Rio bá ni, ẹ ó rí i ra, nítorí mọ́tò wọ̀nyẹn ti pọ̀ nígboro. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè nǹkan ara Kòríà tí kò wọ́pọ̀, wọ́n á pe ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, wọ́n á ní kí ẹ padà wá lọ́túnla. Ọ̀túnla yẹn lè di ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan tí mọ́tò wà lórí búlọ́ọ̀kù, tí ẹ̀ ń wọ kọ̀rọ̀pẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, owó ni ìyẹn náà. Òun ni apá tí Jàpáànù, pàápàá Toyota, ti fi gbogbo ara ju Kòríà lọ ní Ìbàdàn. Ọgbọ́n ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì wa náà wà lára rẹ̀: ara Toyota ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ṣẹ́. Fún mọ́tò Kòríà, ẹ wá ẹni tó ń tún un ṣe lójoojúmọ́, kí ẹ sì rí mọ́tò Kòríà méjì-mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ọjọ́ àyẹ̀wò

A kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ẹ lọ fúnra yín, láàárọ̀ kùtù, kí ẹ sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe tan mọ́tò náà sílẹ̀. Bí ẹ bá dé, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnì kan ti fi ohun kan pamọ́.

Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ẹ wo ibi tó dé. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ wo abẹ́ rẹ̀: bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Omi aláwọ̀ ewé tàbí pupa tó mọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe omi ìpẹtà. Ẹ wá ní kí wọ́n tan án. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni ẹ́ńjìnnì máa ń sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ gbọ́. Ko-ko-ko tó ń le sí i bí wọ́n ṣe ń tẹ iná burú, pàápàá lára Theta II. Ẹ bọ́ sẹ́yìn, ẹ wo èéfín: aláwọ̀ búlúù ni ti ọ́ìlì tó ń jó, funfun tí kò dáwọ́ dúró ni ti omi.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìpẹ̀kun. Bí ẹ bá rí àmì ẹrẹ̀ níbi tó ká sí, mọ́tò tó ti lúwẹ̀ẹ́ nínú àgbàrá ni, ì báà jẹ́ ti Kòríà tàbí Jàpáànù, ẹ sá. Ẹ wo rọ́bà ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ bíréèkì: bó bá ti dán bí ẹyin, tí máìlì ojú pátákó sì ń sọ pé 45,000, irọ́ ń bẹ níbì kan. Ará Amẹ́ríkà sábà máa ń wa mọ́tò bíi máìlì 12,000 lọ́dún, ẹ fi ìyẹn ṣírò.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń síkáànì mọ́tò wò ó, kó sì wò bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àwọn kóòdù tó ń sọ àìsàn mọ́tò náà rẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ẹ wà á lọ sí Òkè Mápó, kí ẹ tan éèsì kó máa ṣiṣẹ́. Ẹ gun òkè náà lẹ́ẹ̀mejì. Jíà tó ń fà sẹ́yìn tàbí tó ń gba èèyàn níkùn-ún nígbà tó bá ń yí, ẹ ó gbọ́ ọ níbẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ìgbóná bá kọjá àárín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "ṣé ẹ mọ̀ pé oòrùn mú" tàn yín.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta mọ́tò kì í dárúkọ. Airbag tí iléeṣẹ́ Takata ti Jàpáànù ṣe ló fa ìpèpadà tó tóbi jù lọ nínú ìtàn mọ́tò ní Amẹ́ríkà. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́ bó ṣe ń pẹ́, bó bá sì bú, ó lè fọ́n irin lu ẹni tó jókòó. Ooru àti ọ̀rinrin, ìyẹn Ìbàdàn láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá. Honda Accord àti Toyota Corolla tí mo yìn lókè yẹn wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ tẹ nọ́ńbà ṣáásì sí ojúlé NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò mọ́tò, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, á sọ fún yín bóyá wọ́n ti tún un ṣe tàbí wọn ò tíì ṣe é. Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí i bí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì Theta bá kan mọ́tò yín.

Ibi tí owó dé

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn àbúrò mi nìyí. Ẹ gbé iye tí wọ́n pe Corolla tàbí Camry 2010 sí apá kan, ẹ gbé ti Sonata 2009 tàbí Elantra ọdún tó bá a mu sí apá kejì. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì. Bí ohun tó kù kò bá lè ra táímìn, ṣọ́ọ̀kì méjì, táyà mẹ́rin àti rédíétọ̀, ẹ ra ti Jàpáànù, nítorí bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́la, ẹni tó máa rà á á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá lè rà wọ́n tí owó sì tún ṣẹ́kù, ẹ ra ti Kòríà, kí ẹ sì fi owó náà sí báńkì ní orúkọ mọ́tò. Ẹ má fi ra aṣọ ẹbí. Àwọn tó ń bú mọ́tò Kòríà, púpọ̀ nínú wọn ló ti ná owó àtúnṣe náà kí mọ́tò tó dé ilé.

Lẹ́yìn tí ẹ ti rà á

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì jíà irú tí ìwé mọ́tò náà dárúkọ, fílítà, plọ́ọ̀gì, omi rédíétọ̀. Ẹ má bu omi kànga sínú rédíétọ̀. Kúlàǹtì ni kí ẹ lò, nítorí ìpẹtà ló ń pa orí ẹ́ńjìnnì wa kú ju ohun tí Toyota tàbí Hyundai ṣe lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní kìlómítà 5,000. Bí pátákó bá ń ka máìlì, 3,000 ni. Muscle 2.4 àti gbogbo Theta, ẹ máa fa ọ̀pá ọ́ìlì wọn yọ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé.

Bẹ́líìtì, ẹ má jẹ́ kó kọjá máìlì 60,000. Tèmi, mo fi báírò kọ ọ́ sórí bébà kan, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀, iye máìlì ọjọ́ náà, àti iye máìlì tó yẹ ká tún pààrọ̀ rẹ̀. Epo ti rin bébà náà, igun rẹ̀ kan ti jó, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì mi máa ń kà á kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.